Kí Ọwọ́ Yá, Kí Ojú Má Kánjú

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ta oúnjẹ Japan àmúlọ káàkiri Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ orí òwe yìí gan-an ni wọ́n kọ́ iṣẹ́ wọn lé. Wọ́n mọ̀ pé bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, òṣìṣẹ́ tó jáde láti ọ́fíìsì ní Liverpool Street tàbí Canary Wharf kì í wá àlàyé. Oúnjẹ ló ń wá. Wákàtí kan péré ni ọ̀gá fún un, ẹlòmíràn ò tilẹ̀ rí ju ìdajì rẹ̀ lọ. Nítorí náà, wọ́n ti di gbogbo rẹ̀ sínú ike, wọ́n ti tò ó sínú fíríìjì gbọọrọ tí kò ní ilẹ̀kùn: súṣì lápá kan, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé lápá kejì, ọbẹ̀ miso àti katsu gbígbóná, adìẹ tí wọ́n fi èérún búrẹ́dì bò dín, nítòsí ibi ìsanwó. Ẹ wọlé, ẹ na ọwọ́, ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ, ẹ jáde.

Àwọn àgbà tó pa òwe àkọ́kọ́ yẹn náà ló pa èkejì: a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ lè ní súṣì kì í gbóná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣèèṣì ju gbogbo èròjà títa aláwọ̀ ewé inú ike rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní wàsábì, sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, tó rò pé píà tí wọ́n gún ni, yóò sọ fún yín pé oúnjẹ tútù náà lè jó èèyàn dé imú.

Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti ń ya wọ Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan fún ẹ̀kọ́, àwọn kan fún iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, àwọn kan fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹjọ́ nípa irú ilé oúnjẹ yìí. Ìrẹsì wọn le. Ẹja wọn ò jinná. Iye tí mo rí lára fíríìjì kọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Mo jẹ ẹ́ tán, gbogbo ara ń yún mi. Bí ẹjọ́ náà ṣe pọ̀ tó, nǹkan kan náà ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: ọwọ́ ti mú oúnjẹ kí ojú tó wò ó. Ìyókù jẹ́ ẹ̀bi olóńjẹ lóòótọ́, n ó sì dé orí rẹ̀.

Ní búkà nílé, ẹnu olóńjẹ ni ìwé oúnjẹ. Ẹ ó dúró níwájú rẹ̀, ẹ ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ fi edé sí ẹ̀fọ́ yìí?” Yóò dá yín lóhùn, yóò sì rántí lọ́jọ́ mìíràn pé ẹ kì í jẹ ẹ́. Ní ilé oúnjẹ àmúlọ, wọ́n ti yọ ẹnu yẹn kúrò láàárín ẹ̀yin àti oúnjẹ. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ti dì í, ẹni tó dì í kò sí níwájú yín. Ẹni tó ń gbowó náà rèé, èrò tó tò sẹ́yìn yín ló ń wò. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ike ló dúró nípò ìyá olóńjẹ, ẹni tí kò bá sì yí ike náà padà kí ó kà á, kò tíì bá olóńjẹ sọ̀rọ̀ rárá.

Ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n fi ra ìwé pélébé yẹn. Lọ́dún 2016, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan tó ń jẹ́ Natasha Ednan-Laperouse ra búrẹ́dì onígbọọrọ kan ní pápákọ̀ òfuurufú Heathrow. Yànmọ̀tí wà nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ṣe búrẹ́dì náà, ara rẹ̀ kò sì gba yànmọ̀tí. Wọn kò kọ ọ́ sára ìwé tí wọ́n fi wé e, nítorí pé òfin ìgbà náà kò fi dandan lé e fún oúnjẹ tí wọ́n dì níbi tí wọ́n ti ń tà á. Ọmọ náà kú. Àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn, òfin tuntun tí àwọn èèyàn ń fi orúkọ ọmọ náà pè sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo oúnjẹ tí ilé ìtajà bá dì sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé gbọ́dọ̀ ní orúkọ rẹ̀ àti gbogbo èròjà rẹ̀ lára. Èròjà 14 kan sì wà, tí ó máa ń dà ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà tó dúdú ju ìyókù lọ kọ, tàbí kí wọ́n fi ọ̀nà mìíràn mú un hàn ketekete.

Bí a bá rọra pa eèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Oúnjẹ Japan ní ìfun púpọ̀ tí ojú lásán kì í rí. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ pé ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe ọbẹ̀ dúdú inú ìgò kékeré tó ń bá súṣì rìn. Àwọn tó mọ̀ pé àlìkámà wà nínú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àlìkámà sì wà nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba àlìkámà lè sá fún búrẹ́dì ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kí ó wá da àlìkámà sórí ìrẹsì lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀pá funfun tí ara rẹ̀ pupa, tí wọ́n ń pè ní alákàn nínú súṣì olówó kékeré, kì í sábà jẹ́ alákàn. Ẹja funfun ni wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi ẹyin àti ìyẹ̀fun dì pọ̀, tí wọ́n wá kun ara rẹ̀. Ẹni tí ẹyin ń dà láàmú kò ní rántí láti bi alákàn léèrè nípa ẹyin. Wàsábì náà ní tirẹ̀. Ojúlówó rẹ̀ wọ́n, ó sì ṣòro gbìn, nítorí náà gbòǹgbò horseradish, mọ́sítáádì àti àwọ̀ ewé ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fún wa lórúkọ rẹ̀. Mọ́sítáádì sì wà lára àwọn èròjà 14 náà.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Inú agboolé tí a ti mọ̀ pé ìdílé kan kì í jẹ òkété, tí òmíràn kì í jẹ ìgbín, la ti wá, ìyàwó tuntun kì í sì í dáná fún ìdílé ọkọ rẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè. Ara náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Kí ẹni tó ní i má ṣe tijú láti sọ ọ́ síta nítorí pé ìlà gùn.

Àwọn Mùsùlùmí láàárín wa ní láti tẹ etí sí ibí yìí. Lẹ́tà dúdú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò lè ran yín lọ́wọ́, nítorí pé ọtí kò sí lára èròjà 14 yẹn, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Àwọn Japan sì fẹ́ràn láti fi ọtí ìrẹsì se oúnjẹ: mirin wà nínú ọbẹ̀ teriyaki dáadáa, nígbà mìíràn ó máa ń wà nínú fínígà tí wọ́n fi po ìrẹsì súṣì, sake sì lè wà nínú omi tí wọ́n fi rẹ ẹran. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sínú ìyẹ̀fun wíwé tí wọ́n ń pè ní gyoza, egungun rẹ̀ ni wọ́n sì ń sè fún wákàtí púpọ̀ láti fi ṣe omi núdù ramen kan. Nítorí náà, ẹ ka gbogbo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má fò láti lẹ́tà dúdú kan sí òmíràn. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n irú ìbéèrè náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá bi ọmọ tó ń gbowó pé ṣé oúnjẹ yìí bá ẹ̀sìn yín mu, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò fi dá yín lóhùn, ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ló ń méfò. Ẹ sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé èròjà adìẹ yìí.” Ó yẹ kí ilé oúnjẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní in nítòsí, nínú fáìlì tàbí lórí ẹ̀rọ. Pàápàá jù lọ, ẹ béèrè nípa oúnjẹ gbígbóná tí wọ́n ń bù fún yín lójú yín, nítorí pé kò sí ike tí wọn yóò lẹ ìwé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọjá kíákíá lórí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Nọ́ńbà 0 sí 5 ni àwọn aṣojú ìjọba máa ń fún ilé oúnjẹ, 5 ló dára jù. Ní Wales àti Àríwá Ireland, dandan ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbi tí èèyàn ti lè rí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pọn dandan. Bí ẹ kò bá rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wá orúkọ rẹ̀ wò lórí ìkànnì Food Standards Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ, kí ẹ tó sọ ọ́ di ibi tí ẹ óò ti máa jẹun.

Ẹja tútù ńkọ́? Mo mọ àwọn àgbà wa tó gbà pé jíjẹ ẹja tí iná kò kàn kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe àìmọ̀kan. Àwọn Japan fúnra wọn kì í jẹ ẹja sámọ́ọ̀nù ní tútù láyé àtijọ́, nítorí aràn tó ń gbé inú èyí tí wọ́n ń mú lókun wọn; wọ́n máa ń fi iyọ̀ sí i ni, wọ́n á sì yan án. Àwọn ará Norway tó ń sin sámọ́ọ̀nù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún wọn láti máa fi ṣe súṣì, láàárín ọdún 1980 sí 1990. Ẹja tó gbajúmọ̀ jù nínú ike súṣì lónìí kò ju ọmọ àná lọ nínú iṣẹ́ náà. Ní Bìrìtìkó, òfin ní kí wọ́n fi ẹja tí wọn yóò tà ní tútù sínú fírísà tó tutù tó dígírì 20 nísàlẹ̀ òdo fún ó kéré tán wákàtí 24, kí aràn inú rẹ̀ lè kú. Wọ́n yọ àwọn ẹja sínsìn kan sílẹ̀, tí oúnjẹ tí wọ́n fi bọ́ wọn kò lè ní aràn nínú, sámọ́ọ̀nù sínsìn sì wà lára wọn. Nítorí náà kì í ṣe pé ẹnì kan kàn gé ẹja láti inú omi sórí ìrẹsì.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá ṣì gbà á kò ní láti fipá jẹ ẹ́ nítorí ẹgbẹ́. Adìẹ katsu wà, ẹyin dídín tí wọ́n ká wà, píà àti kùkúḿbà wà. Ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà sórí katsu yẹn tilẹ̀ rin ìrìn àjò ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ: láti Íńdíà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú kọ́rì, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn Japan ti gbà á ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn ń fi jẹ ìrẹsì, ó wá padà sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú orúkọ Japan. Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ràn ìrẹsì àti ọbẹ̀ kò ní rí i bí àjèjì.

Ó ku ìrẹsì líle, ẹjọ́ tí mo ń gbọ́ jù. Ìrẹsì tó ti jinná, bí òtútù bá mú un, ara rẹ̀ máa ń sún kì, ó sì máa ń gan. Òtútù fíríìjì ló sì ń ṣe èyí kíákíá jù. Ẹ̀yin tó ń fi ìrẹsì àná sí fíríìjì nílé mọ̀ ọ́n. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà ní dígírì 8 tàbí kí ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kàn fi àyè wákàtí mẹ́rin sílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún èyí tí wọ́n bá gbé síta láti tà. Ààbò ẹja àti dídẹ̀ ìrẹsì kì í lọ ní ọ̀nà kan náà. Olùtajà tó bójú tó ẹja yín dáadáa ni ìrẹsì rẹ̀ lè le jù. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ lọ ní ọ̀sán gangan sí ibi tí èrò pọ̀ sí, nítorí pé oúnjẹ ibẹ̀ kì í pẹ́ nínú fíríìjì. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ jẹ́ kí ó sinmi lórí tábìlì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má gbé súṣì ẹlẹ́ja tútù sínú máíkíróòwéèfù.

Bí owó bá ti mọ ni oògùn í mọ. Àwọn ilé oúnjẹ kan máa ń dín owó ní alẹ́. Itsu ló gbajúmọ̀ jù fún un, ìdajì owó ni wọ́n máa ń gbà lórí oúnjẹ fíríìjì ní ìdajì wákàtí tó ṣáájú kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ àkókò yẹn ju àkókò ẹ̀kọ́ wọn lọ. N kò bá wọn wí, oúnjẹ tí wọn ì bá kó dànù ni. Ṣùgbọ́n ike tó ti jókòó sínú òtútù láti àárọ̀ kò lè rọ̀ bí ti ọ̀sán, ẹni tó bá sì san ìdajì owó kò lè bèèrè ìrẹsì ọ̀sán. Ẹ kàn wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i, kí ẹ sì jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe ohun tí a ń fi pamọ́ di ọ̀la.

Àwọn kan máa ń sọ pé irú súṣì yìí kì í ṣe ti Japan gidi. Mi ò rò pé ẹjọ́ gidi nìyẹn. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Julian Metcalfe, wà lára àwọn tó dá itsu sílẹ̀ ní Chelsea lọ́dún 1997, ọmọ Kòríà kan ló sì dá ilé oúnjẹ Wasabi sílẹ̀ ní 2003. Oúnjẹ òṣìṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń tà. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ti ìtàn, oúnjẹ ojú títì ni súṣì tí wọ́n fi ọwọ́ mọ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1830, ní Edo tí a ń pè ní Tokyo lónìí, alásè kan tó ń jẹ́ Hanaya Yohei wà lára àwọn tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń dúró jẹ ẹ́ nídìí àtẹ, ọwọ́ ni wọ́n ń fi mú un. Nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ jẹ súṣì yín láìtijú. Bí ẹ bá sì fẹ́ lo igi ìjẹun, ẹ má kàn án mọ́ àárín ìrẹsì ní òòró, torí òkú ni àwọn Japan ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ní Japan fúnra rẹ̀, onigiri ni ọba oúnjẹ àmúlọ, ìrẹsì onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ẹja tàbí èso kíkan sí nínú. Ilé ìtajà 7-Eleven àkọ́kọ́ níbẹ̀ ṣí ní Toyosu, ní Tokyo, lọ́dún 1974, nígbà tó sì di 1978 wọ́n ti ń ta onigiri tí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan là láàárín ìrẹsì àti ewé òkun, kí ewé náà má bàa rọ̀ kí oníbàárà tó dé. Irú rẹ̀ ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: nọ́ńbà 1, 2 àti 3 wà lára ọ̀rá náà. Ẹ fa 1 láti òkè wálẹ̀ yí i ká, ẹ fa 2 sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fa 3 sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ewé yóò wé ìrẹsì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi eyín já a yóò rí i pé ewé ti bá ọ̀rá lọ, ìrẹsì sì ti wà lórí ṣòkòtò rẹ̀.

Nípa ọbẹ̀ dúdú sóyà tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọn kò sì kéré láàárín wa. Iyọ̀ inú ṣíbí ńlá kan rẹ̀ tó gíráàmù 2, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Àwọn elétò ìlera Bìrìtìkó ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 6 lọ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọbẹ̀ miso náà kún fún iyọ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹja kan ọbẹ̀ náà díẹ̀, ẹ má rì ìrẹsì sínú rẹ̀ bí ẹni ń rẹ gààrí. Ọmọ Ìbàdàn tó sì ń fi ata rodo yangàn, kí ó ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú wàsábì, ọ̀nà imú ni tirẹ̀ ń gbà.

Ìbéèrè kan máa ń wá níbi ìsanwó: “Ṣé ẹ ó jẹ ẹ́ níbí ni, àbí ẹ ó mú un lọ?” Ọ̀pọ̀ rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Owó orí ni. Ní Bìrìtìkó, ìjọba kì í gba VAT lórí oúnjẹ tútù bíi súṣì tí ẹ bá mú lọ. Bí ẹ bá jókòó jẹ ẹ́ síbẹ̀, ìdá 20 nínú 100 ni. Oúnjẹ gbígbóná ń san án bó ti wù kó jẹ́. Ìdí nìyí tí iye ìjókòó fi máa ń ju iye ìmúlọ ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, tí ẹni tí kò ka nǹkan sì ń pariwo pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Japan náà ń ṣe é: láti oṣù Kẹwàá 2019, ìdá 8 ni fún àmúlọ, ìdá 10 fún ẹni tó bá jókòó. Ẹ má sọ pé ẹ ń mú un lọ kí ẹ wá fìdí kalẹ̀ sórí àga wọn. Irọ́ tó tó ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ni, irọ́ sì ni. Bí òjò ò bá rọ̀, ẹ wá àga nínú ọgbà ìtura.

Mo ṣe ìlérí láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bi olóńjẹ. Àwọn kan máa ń to ẹja tó nípọn síwájú ike, kí wọ́n fi tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn. Àwọn kan máa ń lẹ ìwé èròjà síbi tí ọbẹ̀ á ti dà lé e. Katsu máa ń tutù lórí àwo gbígbóná tí kò gbóná mọ́, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí oúnjẹ gbígbóná wà ní dígírì 63 ó kéré tán. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dákẹ́, ẹ má sì jà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọmọ tó wà níbi ìsanwó kọ́ ló se é. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ìlú òkèèrè wá bí àwọn ọmọ tiwa. Ẹ mú ike àti rìsíìtì padà lọ́jọ́ kan náà, ẹ ya ìwé ìdí rẹ̀ ní fọ́tò, ẹ ní kí wọ́n pe ọ̀gá, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ẹ fẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 wà lẹ́yìn yín: ohun tí wọ́n tà fún yín gbọ́dọ̀ dára tó, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n pè é.

Ní ilé oúnjẹ kan tí n kò ní dárúkọ, mo ra ike tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ewébẹ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀, mo bá edé níbẹ̀. Edé kì í ṣe mí ní nǹkan kan, mi ì bá jẹ ẹ́ kí n gbàgbé. Mo gbé e padà, mo sì fi han ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbowó láìgbé ohùn sókè. Kò bá mi jiyàn. Ó dá owó mi padà, ó fi ìlà sílẹ̀, ó sì lọ kó gbogbo ike tó bá tèmi dọ́gba kúrò nínú fíríìjì kí ó tó padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹnì kan lẹ́yìn mi kùn pé à ń fi àkókò òun ṣòfò. Kò mọ̀ bóyá òun ni ike kejì ì bá kàn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá rí ike tí wọ́n dì sílẹ̀ tí kò ní ìwé èròjà lára, ẹ má rà á, bí ebi ti wù kó pa yín tó. Ẹ fi han ọ̀gá ibẹ̀. Bí kò bá ṣe nǹkan kan sí i, ẹ sọ fún àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò náà. Iṣẹ́ wọn ni, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mú ẹjọ́ wá.